Mo-Ti-Mọ̀ àti Àwọn Onífìlà Méjì

Ẹ bá mi wo ọkùnrin yìí dáadáa kí n tó máa ro ẹjọ́ rẹ̀, torí bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ lè ṣèèṣì kí i. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún díẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló máa ń wọ̀, á de bọ́tìnnì rẹ̀ títí dé ọrùn, á wá máa rìn bí ẹni pé òun ló ni ilẹ̀. Iṣẹ́ ìtòwé ló ń ṣe. Òun ló máa ń gba ohun tí òǹkọ̀wé kọ, tí á tò ó sójú ewé lórí kọ̀ǹpútà, kí àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ ńlá ìsàlẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ di ìwé. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti lò nídìí ẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ fún un lórúkọ tó dáa, àmọ́ Mo-Ti-Mọ̀ ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é lẹ́yìn rẹ̀, torí kò sí ọ̀rọ̀ tí ẹ máa bá a sọ tí kò ní í fi "mo ti mọ̀" já a mọ́ yín lẹ́nu. "Ọ̀gá, òjò ti ń bọ̀ o." "Mo ti mọ̀." "Ọ̀gá, iná fẹ́ lọ." "Mo ti mọ̀." Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ fún un pé eṣinṣin ti kú sínú tíì rẹ̀, ó ní òun ti mọ̀, ó sì mu ún tán kí ojú má bàa ti òun.

Yàrá rẹ̀ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òun nìkan ló sì ní fáànù tó ń ṣiṣẹ́. Fèrèsé rẹ̀ dojú kọ páànù ilé kejì. Òórùn yíǹkì àti gúlúù máa ń gòkè wá láti ìsàlẹ̀, òun á sì máa yínmú sí i, bí ẹni pé kì í ṣe òórùn yẹn ló ń bọ́ ọ. Tí òǹkọ̀wé bá wá béèrè iṣẹ́ rẹ̀, ìdúró ni wọ́n máa ń wà. Àga kejì wà nínú yàrá náà o, ṣùgbọ́n ó ti kó bébà lé e, kò sì ní kó o. Bí òǹkọ̀wé bá bi í pé, "Ọ̀gá, ìwé mi ńkọ́, ṣé ó dùn?" á wò ó láti òkè délẹ̀, á ní, "Ta ló ń ka ìwé? Atòwé ni mí. Èmi kì í kà á."

Kì í sì í kà á lóòótọ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan nípa iṣẹ́ náà, kò le. Kọ̀ǹpútà ò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ló mọ̀. Lẹ́tà yòówù tí ẹ bá tẹ̀, nọ́ńbà ló fi ń tọ́jú rẹ̀, àtẹ kan tí wọ́n ń pè ní tábìlì sì wà tó ń sọ fún un pé nọ́ńbà báyìí, lẹ́tà báyìí ni. Ibi tí wàhálà wà ni pé tábìlì náà ò jẹ́ ẹyọ kan. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ní tirẹ̀, ti ìsinsìnyí ní tirẹ̀, nọ́ńbà tó sì jẹ́ àmì gidi lórí ọ̀kan lè má jẹ́ nǹkan kan lórí èkejì. Àwọn nọ́ńbà mìíràn tún wà tí wọn kì í ṣe lẹ́tà rárá. Àṣẹ ni wọ́n: bọ́ sí ìlà tuntun, ṣí ewé tuntun. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé agogo ló máa ń lù lára àwọn ẹ̀rọ ayé ọjọ́sí. Ojú kì í rí wọn, àmọ́ wọ́n máa ń lúgọ sínú ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé bá fi ránṣẹ́.

Ètò ìtòwé tí Mo-Ti-Mọ̀ ń lò kì í ṣe òpùrọ́. Tó bá kan nọ́ńbà tí kò rí lẹ́tà fún, kì í dákẹ́. Ó ní fáìlì kan tó ń kọ ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ sí. Ibẹ̀ ló ti máa ya àmì ṣóńṣó méjì tó dà bíi fìlà, á wá kọ nǹkan tí wọ́n fi ń dá nọ́ńbà náà mọ̀ tẹ̀lé e, bíi ^^0c, tàbí ^^b7. Onífìlà méjì ni àwọn ará ilé iṣẹ́ ń pè wọ́n. Gbogbo ohun tí ẹ̀rọ ń sọ ò ju pé, "Ẹ wò ó o, mo rí nǹkan kan níbí tí mi ò mọ̀." Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀rọ tí kò lójú, tí kò nímú, ó lè la ẹnu pé òun ò mọ̀. Ẹni tó wá jókòó síwájú rẹ̀ ńkọ́?

Mi ò ní í purọ́ mọ́ ọn. Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ètò náà dé, gbogbo lẹ́tà wa tó ní àmì lórí àti àmì nísàlẹ̀ ló ń di onífìlà méjì. Ọkùnrin yìí ló jókòó tì í fún oṣù mẹ́fà gbáko, tó kọ́ ẹ̀rọ ní gbogbo wọn níkọ̀ọ̀kan, títí tí wọ́n fi ń jáde bó ṣe yẹ. Iṣẹ́ gidi ni. Òun náà ló sì bà á jẹ́. Wọ́n yìn ín nípàdé, ọ̀gá àgbà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lójú gbogbo èèyàn, láti ọjọ́ náà ni kò ti ka ẹnikẹ́ni sí mọ́. Ó ní kò sí lẹ́tà kan láyé tí òun ò tíì kọ́ ẹ̀rọ, pé onífìlà méjì yòówù tó bá tún yọjú, ìdọ̀tí ni, ohun tí àwọn òǹkọ̀wé tí ọwọ́ wọn le bí igi ń ṣèèṣì tẹ̀.

Ó wá kọ nǹkan kan tó pè ní Asẹ́. Ètò kékeré kan ni, kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Ẹ̀rọ á kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, á kọ ìròyìn rẹ̀. Asẹ́ á wá ṣa gbogbo onífìlà méjì inú ìròyìn náà, á lọ yọ wọ́n kúrò nínú ọ̀rọ̀, á sì pa ojú ibi tó ti yọ wọ́n pọ̀. Tí ẹ̀rọ bá tún un tò nígbà kejì, kò ní í rí nǹkan kan wí mọ́. Inú Mo-Ti-Mọ̀ máa ń dùn sí ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ọdún mẹ́rin ni Asẹ́ fi ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà, torí ìdọ̀tí ni ọ̀pọ̀ nǹkan tó ń dà nù lóòótọ́.

Nígbà náà ni dókítà kan gbé ìwé dé. Dókítà àgbàlagbà ni, ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọdún mẹ́sàn-án ló sì fi kọ ìwé náà sórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tó wà nílé rẹ̀. Ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn nọ́ọ̀sì ni, àwọn tó wà ní kílíníìkì kéékèèké tí kò sí dókítà: àìsàn báyìí, oògùn báyìí, ìwọ̀n báyìí fún àgbà, ìwọ̀n báyìí fún ọmọdé. Bàbá náà fara balẹ̀ débi pé kò fi pọ́ìntì inú nọ́ńbà sísàlẹ̀ bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe. Ó ní pọ́ìntì ìsàlẹ̀ kì í pẹ́ pòórá tí wọ́n bá ṣe fọ́tókọ́pì, òun fẹ́ kó wà láàárín gbùngbùn, 2·5 báyìí, kí ojú nọ́ọ̀sì lè rí i kedere. Ó wà ní ààyè rẹ̀ nínú tábìlì kọ̀ǹpútà àtijọ́ rẹ̀. Nínú ti ilé iṣẹ́ wa, kò jẹ́ nǹkan kan. Pọ́ìntì kì í sì í ṣe lẹ́tà, torí náà kò sí lára ohun tí Mo-Ti-Mọ̀ kọ́ ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ ka ìwé dókítà, ó sì kọ ìròyìn: igba ó lé mẹ́rìnlá onífìlà méjì. Ọkùnrin wa wo iye wọn, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ wá wo ìdọ̀tí!" ló ń pariwo sísàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. "Dókítà tó ń kọ́ èèyàn ní ìmọ́tótó!"

Kò ka ọ̀kan nínú wọn. Ká ní ó kà wọ́n ni, á rí i pé mọ́kànlá níbẹ̀ jẹ́ ^^b7, pé ojú ewé kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wà, ojú ewé oògùn ọmọdé. Ó tẹ bọ́tìnnì kan, Asẹ́ gbá gbogbo rẹ̀ dànù, títí kan pọ́ìntì inú 2·5. Asẹ́ yọ pọ́ìntì, ó pa ojú rẹ̀ pọ̀, 2·5 di 25. Gbogbo ẹ̀ mọ́ tónítóní.

Ẹnì kan wà nílé iṣẹ́ náà tó máa ń kàwé. Ìyá kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ni, òun ló ń yẹ iṣẹ́ wò kó tó lọ sídìí ẹ̀rọ ńlá. Kì í gbàgbé pẹ́ńsù sílé, etí ọ̀tún rẹ̀ ló máa ń fi í há, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Màmá Pẹ́ńsù. Tó bá ń kàwé, ètè rẹ̀ á máa mì, Mo-Ti-Mọ̀ sì máa ń sín in jẹ níwájú àwọn ọmọ ìsàlẹ̀, á máa mi ètè wúyẹ́wúyẹ́ kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti ní wọn ò gbọ́dọ̀ fún ìyá náà ní ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé kọ mọ́, pé ohun tó ti ọ̀dọ̀ òun jáde ti tó o kà.

Màmá Pẹ́ńsù dé ojú ewé oògùn ọmọdé, ètè rẹ̀ dúró. Ó fi pẹ́ńsù yí 25 po. Ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: "Ọmọ ọdún kan, mìlílítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ti dókítà." Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà, orúnkún rẹ̀ sì ń dùn ún.

Mo-Ti-Mọ̀ ò gbójú sókè.

"Mo ti mọ̀," ló wí.

"Kí lẹ ti mọ̀, ọ̀gá? Mi ò tíì sọ nǹkan kan."

"Màmá, ẹ ti bí ọmọ, ẹ ti tọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ kì í ṣe dókítà. Dókítà ló kọ ọ́, ẹ̀rọ ló tò ó. Níbo lẹ wà láàárín àwọn méjèèjì?"

"Torí mo tọ́ ọmọ márùn-ún ni mo fi ń béèrè. Ife oògùn kékeré yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún tán nìyẹn. Ta ló ń da ìyẹn sọ́mọ ọwọ́ lẹ́nu?"

Ó gba bébà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi báírò kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí ìyá náà fi pẹ́ńsù kọ pé: "Lẹ́tà niṣẹ́ yín. Ẹ fi nọ́ńbà sílẹ̀ fún ẹ̀rọ." Ó buwọ́ lù ú, gbàgà-gbàgà, ìbuwọ́lù tó fẹ́ tóbi ju ewé lọ. Màmá Pẹ́ńsù wò ó, ó ní ó dáa. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì ti bébà náà sínú dúróà rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe sí gbogbo èyí tó bá ti yẹ̀ wò. Ogún ọdún bébà ló wà nínú dúróà yẹn.

Ẹ máa béèrè pé dókítà fúnra rẹ̀ ńkọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún bàbá náà ni, wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ kàwé fún oṣù kan. Ó fi iṣẹ́ lé àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe lọ́wọ́.

Ohun kan ṣoṣo tí Mo-Ti-Mọ̀ fara balẹ̀ ṣe nínú ìwé náà ni ewé ìkẹyìn. Ó ti ń bá ọ̀gá àgbà fa ọ̀rọ̀ yẹn tipẹ́, pé ó yẹ kí orúkọ òun wà nínú ìwé tí òun bá tò. Ọ̀gá àgbà gbà fún un nígbẹ̀yìn kí ó lè jẹ́ kóun rímú mí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà níbẹ̀: "Ẹni tó to ìwé yìí ni," orúkọ rẹ̀ àti orúkọ bàbá rẹ̀ sì tẹ̀lé e, wọ́n dúdú, wọ́n sì tóbi ju ibi tí dókítà ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ lọ. Odidi ọ̀sán kan ló fi sún lẹ́tà orúkọ náà síwá sẹ́yìn.

Wọ́n kọ́kọ́ di ọgọ́ta ẹ̀dà, wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn kílíníìkì káàkiri. Ẹgbẹ̀rún méjì yòókù wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ń dì lọ́wọ́.

Lọ́sẹ̀ karùn-ún ni lẹ́tà kan dé láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń dá ẹjọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì kan fún ọmọ kápẹ́ńtà kan lóògùn, oògùn náà pọ̀ jù, ọmọ náà dákú, ó lo ọjọ́ mẹ́rin ní ọsibítù kó tó lajú. Ọpẹ́lọpẹ́ pé wọ́n tètè gbé e dé ibẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà ní ohun tó wà nínú ìwé lòun ṣe. Dókítà tó kọ ìwé ní òun ò kọ bẹ́ẹ̀. Ǹjẹ́ ilé ìtẹ̀wé lè bá wọn wò ó bóyá àṣìṣe wà? Wọn ò kọ orúkọ nọ́ọ̀sì sínú rẹ̀.

Ọ̀gá àgbà ní kí Mo-Ti-Mọ̀ dá wọn lóhùn. Ìwé náà wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù lẹ́yìn rẹ̀, ibi tí ọwọ́ lè tó láìdìde. Ọlẹ! Kò na ọwọ́. Ó jókòó, ó kọ ọ́ lórúkọ ilé ìtẹ̀wé pé kò sí àṣìṣe kankan nínú ìwé náà, pé ohun tí dókítà kọ gẹ́lẹ́ ló jáde, àti pé àwọn ní èrò pé nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń sọ kò mọ̀wé kà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, ó lu sítáàǹpù ilé iṣẹ́ sí i nídìí.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, àbúrò rẹ̀ obìnrin wá bá a níbi iṣẹ́. Ìyá kan, bàbá kan ni wọ́n. Òun ló gbé obìnrin yìí pọ̀n nígbà tí ìyá wọn ń ṣàìsàn, òun ló kọ́ ọ ní ìwé kíkà lórí ìjókòó ẹ̀yìn ilé wọn. Kò sí ẹlòmíràn láyé tí Mo-Ti-Mọ̀ máa ń gbọ́rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ parí kó tó dáhùn. Nọ́ọ̀sì ni, ọdún mọ́kànlá ló sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́, òun nìkan ní kílíníìkì kan tó jìnnà. Ọjọ́ náà, kò jókòó. Kò kúkú síbi ìjókòó.

"Bọ̀ọ̀dá," ló wí, "wọ́n fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi lọ́jọ́rú."

"Ta ló fẹ́ gbà á?"

"Ìgbìmọ̀. Wọ́n ní mo fún ọmọ lóògùn jù. Ohun tó wà nínú ìwé tẹ́ ẹ tò ni mo fún un, Bọ̀ọ̀dá. Àwọn ará ilé ìtẹ̀wé yín wá kọ̀wé pé kò sí àṣìṣe. Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ ní àfàìmọ̀ kó máà jẹ́ pé èmi ni mo fi abẹ họ pọ́ìntì kúrò lójú ìwé kí n lè rí ibi sá sí." Omi ti ń dà lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìwé, ẹ bá mi dé ibẹ̀, ẹ wo bébà náà, ẹ sọ fún wọn pé mi ò họ nǹkan kan."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún mẹ́tàlélógún, Mo-Ti-Mọ̀ ò rí "mo ti mọ̀" sọ. Ó ní kó máa lọ, òun á wá lọ́jọ́rú. Bí àbúrò rẹ̀ ti jáde ló nawọ́ mú ìwé. Ó ṣí ojú ewé oògùn ọmọdé. 25. Ó ṣí ohun tí dókítà fi ránṣẹ́, pẹ̀lú tábìlì nọ́ńbà ti kọ̀ǹpútà àtijọ́. 2·5. Ó wá ṣí ìròyìn ẹ̀rọ, ó sì kà á wàyí, láti ìlà kìíní. Àwọn mọ́kànlá náà tò síbẹ̀, ^^b7, ^^b7, ^^b7. Ẹ̀rọ ti sọ fún un nígbà mọ́kànlá.

Ẹ ò ní í gbàgbọ́ ohun tó ṣe. Tàbí ẹ máa gbà á gbọ́, bí mo ti ń ròyìn rẹ̀ bọ̀. Ó pa fáìlì ìròyìn náà rẹ́. Ọmọ ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán níwájú rẹ̀, omi ojú rẹ̀ ò tíì gbẹ lórí bébà tó wà lórí àga, ọwọ́ rẹ̀ sì lọ pa ẹ̀rí rẹ́. Ó ti to irọ́ rẹ̀ sílẹ̀: á sọ fún ìgbìmọ̀ pé kọ̀ǹpútà dókítà ti gbó, pé irú nǹkan báyìí máa ń ṣẹlẹ̀, pé kò sí ẹni tó jẹ̀bi. Wọ́n á fi àbúrò rẹ̀ sílẹ̀, òun náà á máa bá iṣẹ́ òun lọ. Ó tiẹ̀ gbà pé ọgbọ́n ni.

Lọ́jọ́rú, yàrá kan tó kún fún àga onírin ni wọ́n ti jókòó. Àwọn márùn-ún ni ìgbìmọ̀, gbogbo wọn ló fi awò sójú, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ronú àtiṣí ẹ̀dà mìíràn nínú ọgọ́ta. Lẹ́tà tó ní sítáàǹpù ti tó fún wọn. Alága wọn, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ gbẹ, ló kà á jáde: "Àwa ní èrò pé nọ́ọ̀sì tí ẹ ń sọ kò mọ̀wé kà." Àbúrò Mo-Ti-Mọ̀ tẹ orí ba. Mo-Ti-Mọ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì," ni alága wí, "ká tiẹ̀ ní ohun tó wà nínú ìwé nìyẹn. Ọdún mọ́kànlá! Ṣé kò ṣe ọ́ bíi pé ó pọ̀ jù?"

"Ó ṣe mí bẹ́ẹ̀, mà."

"O wá fún un?"

"Oògùn tuntun ni, mi ò lò ó rí. Mo ti da oògùn náà sínú ife, mo tún gbé ife sílẹ̀. Mo tún ìwé náà kà lẹ́ẹ̀mẹta. Fóònù ò lọ. Ara ọmọ ń gbóná, ìyá rẹ̀ ń wò mí lójú. Mo wá ṣí ẹ̀yìn ìwé. Mo rí orúkọ Bọ̀ọ̀dá mi níbẹ̀. Àwọn ló kọ́ mi níwèé kà, mà. Mo ní tó bá jẹ́ pé àwọn ni, àṣìṣe ò lè sí níbẹ̀. Ni mo bá fún un."

Obìnrin náà ò wojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò sọ ọ́ láti fi bú u, ọkàn kan ló fi sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló sì wọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lára. Mo-Ti-Mọ̀ dìde. Irọ́ tó ti tò sílẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, kò lè gbé e jáde.

"Èmi ni mo yọ pọ́ìntì náà," ló wí.

Alága ní kó ṣàlàyé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa tábìlì, nípa nọ́ńbà tí kò ní lẹ́tà, nípa onífìlà méjì, wọ́n sì ń wò ó bí òun náà ṣe máa ń wo àwọn òǹkọ̀wé.

"Ọ̀gbẹ́ni," ni alága wí, "bá wa sọ ọ́ kó yé wa."

"Ẹ̀rọ sọ fún mi pé òun rí nǹkan tí òun ò mọ̀. Mi ò wò ó. Mo ní kó dà á nù."

"Ẹ̀rí wo lo ní?"

"Ó wà tẹ́lẹ̀. Mo pa á rẹ́ lọ́jọ́ Ajé."

Ẹnì kan nínú wọn pòṣé. Alága gbé lẹ́tà ilé ìtẹ̀wé sókè, ó ní ta ló wá kọ eléyìí. Mo-Ti-Mọ̀ ní òun ni. Ó tún sọ fún wọn pé ìyá kan wà níbi iṣẹ́ àwọn, pé tí wọ́n bá lè pè é, ó ní bébà kan nínú dúróà. Màmá Pẹ́ńsù wọ ọkọ̀ wá láàárín wákàtí kan, pẹ́ńsù rẹ̀ wà létí rẹ̀. Ó tẹ́ bébà náà síwájú wọn. Kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀. Pẹ́ńsù rẹ̀ wà níbẹ̀, báírò ọkùnrin náà wà lábẹ́ rẹ̀, ìbuwọ́lù ńlá yẹn sì wà níbẹ̀. Wọ́n gbé e yí ká tábìlì lọ́wọ́ sí ọwọ́, ó wá kan àbúrò Mo-Ti-Mọ̀. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó kà á tán, ó gbójú sókè.

"Bọ̀ọ̀dá, ìwé yẹn, ṣé ẹ kà á?"

"Mi ò kà á."

"Lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ nípa mi ńkọ́? Ṣé ẹ ṣí ìwé kẹ́ ẹ tó kọ ọ́?"

"Mi ò ṣí i."

Obìnrin náà mi orí, ó dá bébà padà fún Màmá Pẹ́ńsù tọwọ́tọwọ́, ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Ìgbìmọ̀ dá a láre lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ ọkọ̀ kan náà lọ sílé.

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ yàrá òkè lọ́wọ́ Mo-Ti-Mọ̀. Ọ̀gá àgbà ò lé e, mi ò mọ ìdí tí kò fi lé e. Ìdájọ́ tó dá fún un ni pé kó sọ̀ kalẹ̀, kó fi báírò fi pọ́ìntì mọ́kànlá sínú gbogbo ẹ̀dà pátá, èyí tó wà nílẹ̀ àti ọgọ́ta tí wọ́n kó padà láti àwọn kílíníìkì. Màmá Pẹ́ńsù jókòó tì í, ọ̀rọ̀ dókítà wà lọ́wọ́ tirẹ̀. Ìyá náà ní kò ní í fi pọ́ìntì kan sí i láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ kà á sókè.

"Ẹ kà á, ọ̀gá."

"Ọmọ ọdún kan, méjì pọ́ìntì márùn-ún."

"Ó dáa. Ẹ fi sí i."

Ètè Mo-Ti-Mọ̀ ló ń mì wàyí. Àwọn ọmọ ìsàlẹ̀ tí wọ́n ti ń bá a rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ ń gbọ́ ọ, kò sì sí èyí tó ṣàánú rẹ̀. Èmi náà ò ṣàánú rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni wọ́n dé orí àwọn tó ti kílíníìkì bọ̀. Ó ṣí ọ̀kan, ó ya ẹnu láti kà á, kò kà á. Ẹnì kan ti fi báírò pupa fi pọ́ìntì sí gbogbo ibi mọ́kọ̀ọ̀kànlá, wọ́n rí roboto, wọ́n wà ní ààyè wọn. Ó mọ ọwọ́ náà. Òun ló di ọwọ́ náà mú lórí ìjókòó ẹ̀yìn ilé kó tó lè kọ lẹ́tà àkọ́kọ́. Ó yí i dé ewé ìkẹyìn. Báírò pupa náà ti débẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ti fa ìlà gba orí orúkọ rẹ̀ léraléra, bébà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Ó fi orúkọ bàbá wọn sílẹ̀.

"Ṣé èyí ti pé?" ni Màmá Pẹ́ńsù béèrè.

Ó ní ó ti pé. Ìyá náà ní kó mú òmíràn.